Táyà ọ̀dà fún kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, àti ohun tó ń jẹ́ kó máa jò ṣáá

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀jọ́ọ̀ ni mò ń gbé, Dùgbẹ̀ ni ibi iṣẹ́ mi wà. Mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè, 26 ni táyà ẹ̀, eléyín gbọ̀ngbọ̀n. Orí ọ̀dà ni mò ń gùn ún, ó ń dún wùùù lábẹ́ mi, ó sì ń fà mí sẹ́yìn. Mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ sí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti àwọn tó ń sáré ìdíje, àmọ́ fọganáísà àdúgbò wa ní tẹ́ẹ́rẹ́ á máa jò jù. Èyí tí mò ń lò yìí náà sì ti jò lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín oṣù kan, ẹ̀yìn ni gbogbo ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ báyẹn, torí ibi tó o parí ọ̀rọ̀ sí gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóṣù kan, ẹ̀yìn nìkan. Ó jọ pé nǹkan kan wà nínú táyà yẹn tẹ́nikẹ́ni ò tíì yọ. Màá dá ẹ lóhùn lórí méjèèjì, bó o ṣe máa pààrọ̀ táyà àti bó ò ṣe ní máa jò, àmọ́ èyí tó ń jò ni màá kọ́kọ́ mú, torí tó o bá lọ ra táyà tuntun láìmọ ohun tó ń gún ti àtijọ́, tuntun náà ò ní pẹ́ jò.

Ojú mi ti rí i rí, ìyẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú. Mò ń bọ̀ láti Mọ́níyà lọ́jọ́ kan, ẹ̀bá títì ni mo gbà torí àwọn tírélà, táyà ẹ̀yìn jò. Mo dúró, mo lẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ ẹ, mo tún gbéra. Kò tó kìlómítà 2 tó tún fi jò. Fọganáísà kan lẹ́bàá ọ̀nà bá mi lẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ nu inú táyà yíká, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kí n tó dé Ọ̀jọ́ọ̀ ó tún jò lẹ́ẹ̀kẹta. Mo bá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, mo yọ táyà yẹn pátápátá, mo yí inú ẹ̀ síta, mo já òwú díẹ̀, irú òwú tí wọ́n fi ń nu egbò, mo wá ń fi wọ́ inú táyà díẹ̀díẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n yí i po tán ni òwú yẹn há, fọ́nrán ẹ̀ kan ṣoṣo ló há. Mo ká táyà níbẹ̀ kí ojú ẹ̀ lè là. Ohun tó yọrí síta ò ju irun orí lọ, dúdú bíi rọ́bà, tí kì í bá ṣe òwú yẹn ojú mi ò lè rí i láéláé. Mo fi púláyà kékeré fà á láti ẹ̀yìn, wáyà irin ló jáde, kò gùn ju èékánná ìka kékeré mi lọ. Ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lára tíúbù, ibì kan náà ni wọ́n wà, wọn ò ju ìbú ìka kan síra wọn lọ.

Ibo ni irú wáyà bẹ́ẹ̀ ti ń wá? Ara táyà tírélà ni. Táyà ọkọ̀ ńlá òde òní, wáyà irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò sínú rọ́bà ẹ̀. Tó bá ti gbó, tàbí tó jẹ́ èyí tí wọ́n tún rọ́bà lẹ̀ lórí, tó wá bẹ́ lórí eré, ègé ẹ̀ á fọ́n ká sí ẹ̀bá títì, oòrùn á máa jó o, mọ́tò á máa gùn ún mọ́lẹ̀, títí wáyà inú ẹ̀ á fi máa já wẹ́wẹ́ sórí ọ̀dà. Ọ̀jọ́ọ̀ tó ò ń gbé yẹn, ojú ọ̀nà àwọn tírélà tó ń gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sókè ọya ni. Mọ́tò á lé oníkẹ̀kẹ́ lọ sẹ́bàá títì, ẹ̀bá títì náà sì ni gbogbo ìdọ̀tí ń ṣí lọ, àfọ́kù ìgò, ìṣó, wáyà, gbogbo ẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn? Ẹ̀yìn ló rù ẹ́. Ìwọ̀n tó wà lórí táyà ẹ̀yìn ju ti iwájú lọ dáadáa, ohun tí iwájú gùn kọjá, ẹ̀yìn á tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ìṣó á sùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, táyà iwájú á ta á dìde, ẹ̀yìn á wá bá a lórí ìdúró. Wáyà yìí sì tún ní ìwà kan tó ń dá àwọn èèyàn láàmú: tó o bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, rọ́bà á nà padà, orí ẹ̀ á sá wọnú lọ, tó o bá tún gùn ún á tún yọjú. Fọganáísà tó ní òun ò rí nǹkan kan ò parọ́ fún ẹ, ọwọ́ tó ti le torí iṣẹ́ ò lè mọ̀ ọ́n lára. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Tíúbù lẹ ti lẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún yẹn, iná ṣì wà láṣọ.

Nítorí náà, kó o tó yọ tíúbù lọ́jọ́ tó bá tún jò, kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà níbi tí fáàfù wà. Fẹ́ tíúbù yẹn lọ́wọ́, rì í sómi, wá ihò ẹ̀, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kí fáàfù bá àmì yẹn mu, ibi tí ihò bá wà náà ni wà á ti wá nǹkan nínú táyà. Tí apá ibi tó kọjú sí ò bá dá ẹ lójú, wá a ní apá kejì náà. Ojú ihò yẹn fúnra ẹ̀ ní ohun tó ń sọ. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tó sì wà ní apá tó kọjú sílẹ̀, nǹkan ló gún un. Tó bá jẹ́ méjì tó jìnnà síra díẹ̀ bí ojú eyín ejò, afẹ́fẹ́ ẹ̀ ló kéré, o gbá kòtò, rímù sì fún tíúbù pọ̀ mọ́ títì. Tó bá wà ní apá tó kọjú sí rímù, wo rọ́bà pẹlẹbẹ tó bo orí àwọn sípóòkù, lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ó sábà máa ń ti gbẹ tàbí kó ti ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí sípóòkù á wá máa gún tíúbù láti inú lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn á sì máa gégùn-ún fún títì lásán. Tó bá ya nídìí fáàfù, ọwọ́ ẹni tó ń fi póńpù fà á ló ṣe é, tàbí kí tíúbù ti sún kúrò láyè ẹ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan péré ló jẹ́ pé nǹkan tó wà lójú títì ló gún tíúbù.

Ó yá, táyà fúnra ẹ̀ wá. Òótọ́ ni ohun tó o sọ, eyín gbọ̀ngbọ̀n yẹn ò wúlò lórí ọ̀dà. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ni wọ́n ṣe é fún, kó lè di ilẹ̀ mú. Lórí ọ̀dà eyín kọ̀ọ̀kan á kàn máa tẹ̀ á máa dìde, á máa tẹ̀ á máa dìde, agbára ẹsẹ̀ ẹ ló ń jẹ, ariwo wùùù tó ò ń gbọ́ yẹn náà nìyẹn. Táyà tó dán lójú ló yẹ ọ̀dà. Ẹ̀rù òjò máa ń ba àwọn èèyàn tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ṣé kò ní yọ̀. Táyà mọ́tò ló nílò ojú ìlà láti da omi nù, torí ó fẹ̀, ó sì ń sáré gan-an. Táyà kẹ̀kẹ́ tín-ínrín, orí ẹ̀ rí roboto, ó ń gé omi kọjá, eré tí kẹ̀kẹ́ sì ń sá ò tó kí omi gbé e dìde nílẹ̀. Ohun tó máa yọ̀ ẹ́ lójú òjò ni epo mọ́tò, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi fa ìlà, àti ẹrẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n bi ẹ́ pé báwo ni ọ̀nà tó wọ ilé yín ṣe rí? Tó bá jẹ́ ilẹ̀ pupa tó máa ń di ẹrẹ̀ tí òjò bá ti dé, wá irú èyí tí àárín ẹ̀ dán tó sì ní eyín kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àárín ni wà á máa gùn lórí ọ̀dà, eyín ẹ̀gbẹ́ á bá ẹ mú ẹrẹ̀.

Tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tàwọn tó ń sáré ìdíje ńkọ́? Rárá o. Ibí ni mo ti fẹ́ kó o gbọ́ mi dáadáa. Táyà mìlímítà 23 tàbí 25 yẹn, afẹ́fẹ́ rẹpẹtẹ ni wọ́n ń fẹ́ sí i, tó bá gbá kòtò kan ṣoṣo, rímù á gé tíúbù, rímù gan-an sì lè tẹ̀. Àwọn rímù kẹ̀kẹ́ ẹ yìí náà fẹ̀, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ gidi ò ní jókòó dáadáa lórí ẹ̀. Ínṣì 1.5 ni mo ní kó o rà, ìyẹn bíi mìlímítà 38 sí 40. Kẹ̀kẹ́ ológeere Raleigh tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko, èyí tí wọ́n ń di iṣu mọ́ lẹ́yìn tí ọmọ tún jókòó síwájú, 28 x 1 1/2 ni wọ́n kọ sára táyà ẹ̀. Ínṣì 1 àti àbọ̀ náà ni. Wọ́n gùn ún lórí ọ̀nà tó burú ju ti tiwa lọ.

Tó o bá dé ìsọ̀, má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé 26 ni 26. Nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ, á rí bí 50-559. 50 yẹn ni ìbú ẹ̀ ní mìlímítà, 559 ni ìwọ̀n ibi tó ti jókòó lórí rímù. 559 ló gbọ́dọ̀ wà lára tuntun náà, nọ́ńbà iwájú ẹ̀ nìkan ló lè yí, nítorí náà 40-559 tàbí 38-559 lò ń wá. 26 x 1 3/8 wà tó jẹ́ 590, ti àwọn kẹ̀kẹ́ ológeere kékeré àtàwọn kẹ̀kẹ́ obìnrin ayé ọjọ́un, 26 náà ni wọ́n ń pè é, àmọ́ á tóbi ju rímù ẹ lọ, tó o bá fẹ́ ẹ tán á fò kúrò létí rímù, tíúbù á bẹ́ bí ìbọn. Ohun tó yẹ kó o fi sọ́kàn ni pé èyí tí wọ́n kọ ní 1.5 àti èyí tí wọ́n kọ ní 1 1/2, bí wọ́n tilẹ̀ dọ́gba ní ìṣirò, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ bá jẹ́ 29 ló rọrùn fún, torí 622 ni, 622 náà sì ni 700c.

Tẹ táyà tòkunbọ̀ kó o tó sanwó. Ká ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sẹ́yìn, tí rọ́bà ẹ̀ bá ń sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, gbé e sílẹ̀, bó ti wù kí eyín ẹ̀ ṣì pé tó. Inú oòrùn ni wọ́n ń fi wọ́n kọ́ sí láti àárọ̀ dalẹ́.

Afẹ́fẹ́ wá ni olórí ọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun míì tí owó ẹ̀ kéré tó sì ń dín jíjò kù tó bẹ́ẹ̀. Táyà 1.5, tó o bá wọ̀n tó kílò 70, fẹ́ iwájú sí bíi PSI 50 (PSI ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà), ẹ̀yìn sí 55 sí 60. Tó o bá ju kílò 80 lọ, tàbí tó o máa ń gbé ẹrù, ẹ̀yìn lè wọ 65. Wọ́n kọ iye tó pọ̀ jù lọ tó lè gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, má kọjá ẹ̀. Má fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ kó o ní ó ti le, táyà tó wà ní 30 náà máa ń le lọ́wọ́. Ra géèjì kékeré, kó o máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí bí kò tilẹ̀ sí ihò kankan rọ́bà tíúbù máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sá lọ díẹ̀díẹ̀. Má sì fẹ́ ẹ ju bó ṣe yẹ lọ torí o fẹ́ kó máa sáré. Lórí títì wa tó rí gbágungbàgun, táyà tó le bí òkúta á kàn máa ta ẹ́ sókè ni, kò ní sáré ju èyí tó ní díẹ̀ nínú ara lọ.

Fáàfù méjì ló wọ́pọ̀ lára àwọn tòkunbọ̀, èyí tó rí bíi ti mọ́tò àti ọ̀kadà, àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ gogoro tó ní ìdérí tí wọ́n ń tú lórí. Bíi ti mọ́tò ni kó o fi sí tiẹ, gbogbo fọganáísà ló lè fẹ́ ẹ. Tí ihò rímù ẹ bá kéré jù fún un, a jẹ́ pé ti tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe é fún, ra ẹnu kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ọn lórí kó o sì máa gbé e dání. Tó o bá wà níwájú ẹ̀rọ fọganáísà, bẹ̀ ẹ́ kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó máa wo géèjì. Táyà kẹ̀kẹ́ kéré, ohun tó ń gba táyà mọ́tò ní ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló gbà á lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́, mo ti rí èyí tó bẹ́ mọ́ fọganáísà lọ́wọ́ kó tó yíjú padà.

Tó o bá ń wọ̀ ọ́, fẹ́ tíúbù tuntun yẹn díẹ̀, kó kàn rí roboto, fi páúdà pa á lára kó má lẹ̀ mọ́ táyà, kó o sì rí i pé orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bá fáàfù mu, torí ìyẹn lo máa fi ṣe àmì lọ́jọ́ míì dípò ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀dọ̀ fáàfù ni kó o parí etí kejì sí. Tó bá ti ku bí ìka mẹ́rin tó wá le tí kò fẹ́ wọlé mọ́, má mú sukudiráfà, àìmọye tíúbù tuntun ni sukudiráfà ti pa kó tó kan títì. Padà sí apá kejì, fi àtàńpàkò méjèèjì fún etí táyà bọ́ sí àárín rímù níbi tó jìn, fún un yíká bọ̀ wá síbi tó há, á dẹ̀, ọwọ́ lásán á gbé e wọlé. Lẹ́yìn náà ti fáàfù wọnú díẹ̀ kó o tún fà á jáde, kó lè dá ẹ lójú pé tíúbù ò há sábẹ́ etí táyà. Fẹ́ ẹ dé ìdajì, yí i, wo ìlà tó wà létí táyà bóyá ó bá rímù dọ́gba yíká, kó o tó wá fẹ́ ẹ tán. Wo rọ́bà búréékì náà, kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ táyà, tó bá kan án á gé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Táyà tó ní ààbò nínú wà, wọ́n fi aṣọ Kevlar tàbí rọ́bà nínípọn tẹ́ abẹ́ ojú ẹ̀. Schwalbe Marathon Plus ni mo mọ̀ tó gbóná jù nínú wọn, rọ́bà tó wà lábẹ́ ojú ẹ̀ nípọn tó mìlímítà 5, wáyà tírélà tí mo sọ yẹn kì í sábà rí inú ẹ̀ já. Ó wúwo, kò sì rọrùn wọ̀, àmọ́ tó o bá rí i láàárín tòkunbọ̀ tí kò tíì sán, mú un fún ẹ̀yìn, kó o fi èyí tó fúyẹ́ síwájú. Tí kò bá sí, táyà lásán tó o ń fẹ́ lásìkò á gbé ẹ débi tó ò ń lọ. Àwọn kan máa ń gé táyà àtijọ́ tẹ́ inú ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fi sánpépà fọ etí ẹ̀ kó rọ̀, torí etí tó mú á máa ha tíúbù títí á fi lu. Omi tí wọ́n ń rọ sínú tíúbù kó lè máa dí ihò, ó dáa fún ẹ̀gún kéékèèké, kò lè ṣe nǹkan kan sí ojú eyín ejò, ó sì máa ń dí fáàfù tó bá pẹ́.

Fún lílẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n fi iná lẹ tíúbù kẹ̀kẹ́ ẹ, ti mọ́tò ló nípọn tó fún ìyẹn, tìẹ fúyẹ́, ó lè jóná. Fi sánpépà ha á, fi sọlúṣọ̀n pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó o wá ní sùúrù bí ìṣẹ́jú 5 kó gbẹ kó o tó lẹ rọ́bà lé e. Àìní sùúrù níbẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó ṣí. Tíúbù kan tó dáa, póńpù kékeré, ohun tó o máa fi ṣí táyà àti òwú díẹ̀ ni kó máa wà nínú báàgì ẹ. Lójú títì, pààrọ̀ tíúbù, kó o lẹ èyí tó jò nílé lálẹ́ níbi tí iná wà.

Tó o bá ń lọ, má fara mọ́ ẹ̀bá títì jù, gba ibi tí táyà mọ́tò ti ń gbá ọ̀nà mọ́, ìyẹn bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ẹ̀bá. Mo mọ̀ pé àwọn Máíkírà ò ní fẹ́ ẹ, pàápàá láti Sángo dé Mọ́kọ́lá, àmọ́ ẹni tó wà lójútáyé ni awakọ̀ ń rí. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, dojú kẹ̀kẹ́ dé, yí táyà kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná, kó o máa fi ẹnu ìṣó yọ àfọ́kù ìgò tó bá ti wọ ojú ẹ̀, torí àfọ́kù kì í gún tíúbù lọ́jọ́ tó bá wọlé, ó máa ń gbà á tó ọjọ́ mélòó kan kó tó débẹ̀.

Táyà ẹ̀yìn tó wà lọ́wọ́ ẹ báyìí ni kó o kọ́kọ́ yọ lónìí, kó o fi òwú wọ́ inú ẹ̀ yíká lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan sápá ọ̀tún, lẹ́ẹ̀kan sápá òsì, torí wáyà tó bá tẹ̀ sápá kan kì í há òwú tó bá gba apá kejì wá. Tó o bá rí i, fi sínú ìwé, kó o fi han fọganáísà yín.